Ilẹ̀ afọkọ́yẹrí ni, ẹ má fá a lórí kodoro

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Ọmọ ọmọ mi ló máa ń ka ìwé ìròyìn yín fún mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà, nítorí ojú mi ò gbé lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́, ojú ewé àgbẹ̀ la sì máa ń kọ́kọ́ ṣí. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọkùnrin kan kọ̀wé sí yín pé àgbàdo òun ń pọ́n. Ó ní ewé ìsàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, láti ṣóńṣó, tó wá ń gba àárín ewé wọlé bọ̀ nídìí. Àpò fatiláísà NPK méjì, èyí tí náítírójìn, fọ́sífétì àti pótáṣì wà nínú rẹ̀, ló ti fọ́n sórí éékà kan. Èsì tí ẹ fún un ò ju ìlà mẹ́ta lọ: kó ra àpò kan sí i, kó fọ́n ọn nígbà tí òjò bá ń ṣú.

Mo ní kí ọmọ yìí tún un kà. Ó tún un kà. Mo ní kó lọ mú bírò àti ìwé wá.

Ẹ má bínú sí mi, mi ò ní ẹ purọ́. Àgbàdo tó bá ń pọ́n láti ìsàlẹ̀ báyẹn, ebi náítírójìn ló ń pa á lóòótọ́. Ó ń yọ oúnjẹ lára ewé àgbà fi bọ́ ewé ọmọ, bí abiyamọ ṣe máa ń ṣe nígbà ọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti gba àpò méjì tí ebi ṣì ń pa á, ṣé àpò kẹta ló kàn? Ọmọ tó ń jẹun tí kò sanra, inú ni à ń yẹ̀ wò, a kì í pààrọ̀ abọ́ fún un.

Ìyá Àbíjàn ni wọ́n ń pè mí ní Èjìgbò. Ẹni tó bá mọ ìlú wa mọ̀ pé agbo ilé tí kò lẹ́ni ní Àbíjàn ṣọ̀wọ́n. Èmi fi ọdún 23 ta aṣọ ní ọjà Adjamé níbẹ̀ kí n tó padà sílé ní 2015, lẹ́yìn tí ọkọ mi ti di ẹni ilẹ̀. Àwọn ẹbí rẹ̀ fún mi ní éékà mẹ́rin lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ pé kí n máa fi ṣeré. Mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ oko ṣíṣe nígbà náà ju bí mo ṣe rí i lọ́dọ̀ bàbá mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo sì rò pé owó tí mo kó ti Àbíjàn dé á ṣe ìyókù.

Ní 2017, mo gba katakata. Ó ro ilẹ̀ náà títí ilẹ̀ pupa tó wà nísàlẹ̀ fi yí sókè. Inú mi dùn, nítorí oko mọ́ bí àgbàlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá: kò sí koríko, kò sí pòròpòrò, kùkùté kan ò sí. Mo ra NPK àpò mẹ́jọ, mo gba àwọn ọmọdékùnrin mẹ́ta, a fọ́n gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ojú ọ̀run ṣú, a ní Ọlọ́run ló ń bá wa ṣe é. Òjò ọ̀hún dé lóru ọjọ́ yẹn, kò sì dá títí ilẹ̀ fi mọ́.

Nígbà tí mo dé oko láàárọ̀, odò kékeré tó wà nísàlẹ̀ wa ti pọ́n bí epo. Àgbàrá ti la ojú ọ̀nà fún ara rẹ̀ láàárín oko, ọ̀kan nínú wọn jìn débi pé nígbà tí mo tẹ ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó dé mi lórúnkún. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni mo ti rí hóró fatiláísà bíi mélòó kan, wọ́n ń yọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo dúró síbẹ̀ mo ń wò wọ́n. Àpò àgbàdo 11 ni mo kó lórí éékà mẹ́rin lọ́dún yẹn. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Bàbá mi, kó tó ti ọkọ́ bọ ilẹ̀ lọ́dọọdún, a máa kì í: ilẹ̀ ògẹ́rẹ́, afọkọ́yẹrí. Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, mi ò fi ọkàn sí i rí. Inú àgbàrá yẹn ló ti sọ sí mi lọ́kàn. Ọkọ́ ni wọ́n ní ó fi ń yẹrí. Ẹni tó yẹrí, irun ẹ̀ ṣì wà lórí ẹ̀. Èmi gbé katakata, mo fá a lórí kodoro, mo wá ń retí kí oòrùn má ta á, kí òjò má nà án. Àwọn àgbà tún ní bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu fún un. Lọ́dún yẹn, ekòló ì bá júbà títí di alẹ́ lóko mi. Ẹsẹ̀ katakata ti tẹ ilẹ̀ le gbagidi, ẹnu tí yóò là kò sí níbẹ̀.

Ohun tó tún mi lójú ṣe gan-an kéré. Àbúrò ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ló fi hàn mí. Ó ní kí n bu ògúlùtu ilẹ̀ kan láàárín oko, kí n tún bu òmíràn lábẹ́ igi ìrókò tó wà ní ààlà, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti kọ ebè rí. Ààrin wọn ò ju ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ lọ. A sá wọn sábẹ́ òjìji fún ọjọ́ mẹ́ta títí wọ́n fi gbẹ. Mo wá ìgò Bournvita méjì, mo pọn omi kún wọn, mo gé àwọ̀n ẹ̀fọn àlòkù kékeré bò wọ́n lẹ́nu kó tẹ̀ sínú omi díẹ̀, mo gbé ògúlùtu kọ̀ọ̀kan lé e. Kí n tó ka ogún, ti àárín oko ti ń tú bí ṣúgà inú tíì. Ó ya, ó wó, ó gba ojú àwọ̀n jò lọ sísàlẹ̀, omi rẹ̀ di bí ọ̀gì pupa. Ti abẹ́ ìrókò hó díẹ̀, ó tu afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ sókè, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo lọ sọ́jà, mo nájà, mo bọ̀. Ó ṣì jókòó síbẹ̀, omi rẹ̀ sì mọ́ débi pé mo ń rí ìlẹ̀kùn ilé kejì gba inú ìgò.

Ilẹ̀ kan náà ni o. Òjò kan náà ló ń rọ̀ sí wọn.

Mo mú ti abẹ́ ìrókò kúrò nínú omi, mo fọ́ ọ sí méjì. Ihò ekòló wà nínú rẹ̀, ó ń dán bí ẹni fi òróró pa á. Gbòǹgbò wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀ bí irun orí ọmọ tuntun, àti okùn funfun kan tó tín-ín-rín ju ti aláǹtakùn lọ, tó fò láti ara gbòǹgbò kan bọ́ sára òmíràn. Òórùn rẹ̀ ni òórùn tó máa ń sọ lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Àbúrò ọ̀rẹ́ mi yìí sọ fún mi pé òórùn yẹn kì í ṣe ti omi rárá, pé àwọn ẹ̀dá àìfojúrí inú ilẹ̀ ló ń ṣe é. Mo gbé ti àárín oko símú, kò rùn. Bí bíríkì tútù ló rí.

Okùn funfun yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí ẹni tó bá ṣòwò rí ló máa tètè yé. Ìdílé kan náà ni òun àti olú tí à ń jẹ. Alájàpá inú ilẹ̀ ni. Gbòǹgbò ẹ̀gẹ́ ki, irun ara rẹ̀ ò pọ̀, kò lè rin jìnnà fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kì í rìn wá báni. Ibi tó bá wà, ibẹ̀ ló ń gbé, pàápàá nínú ilẹ̀ pupa bíi tiwa, tí irin inú rẹ̀ máa ń dì í mú. Alájàpá yìí á na okùn rẹ̀ gba ojú ihò tí gbòǹgbò ò lè wọ̀, á lọ kó fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti omi bọ̀ láti oko ọ̀nà jíjìn, á wá tà á fún ẹ̀gẹ́. Ṣúgà ni ẹ̀gẹ́ fi ń sanwó. Ewé ló ń fi oòrùn sè é lókè, á wá rán díẹ̀ nínú rẹ̀ gba gbòǹgbò sọ̀kalẹ̀ sọ́jà. Ẹ̀gẹ́ wà lára àwọn irè tó gbára lé alájàpá yìí jù lọ, ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kó lè ta lórí ilẹ̀ tí àgbàdo ti kọ̀.

Ẹ wá wo ohun tí à ń ṣe. A gé gbogbo okùn wọn pẹ̀lú katakata lọ́dọọdún, bí ẹni gé gbogbo ọ̀nà tó wọ ìlú. A sun koríko, a fi ilẹ̀ sílẹ̀ níhòòhò láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, ewé tútù kan ò sí lókè tí yóò rán ṣúgà wálẹ̀. Oṣù mẹ́rin, ọjà ò ná. Ta ni yóò dúró ní ìsọ̀? Nígbà tí òjò bá dé, a ó da fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì púpọ̀ sídìí irè lẹ́ẹ̀kan náà. Irè tó bá ti rí i lọ́fẹ̀ẹ́ kì í bá alájàpá ná ọjà mọ́, kò ní fi ṣúgà ránṣẹ́ sí i. Bí a ṣe ń lé àwọn oníṣòwò kúrò lọ́jà ara wa nìyẹn, tá a wá ń ké pé ọjà dá.

Ẹ̀wà ní tiẹ̀ ní oníbàárà ọ̀tọ̀. Ẹ hú u nígbà tó bá ń tanná, ẹ fọ gbòǹgbò rẹ̀ nínú igbá omi. Ẹ ó rí kókó wẹ́wẹ́ lára rẹ̀ bí ẹyin aláǹgbá. Ẹ fi èékánná la ọ̀kan. Tó bá pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ nínú, iṣẹ́ ń lọ: àwọn ẹ̀dá àìfojúrí tó ń gbé inú rẹ̀ ń fa náítírójìn inú afẹ́fẹ́, wọ́n ń sọ ọ́ di oúnjẹ fún ẹ̀wà. Tó bá funfun tàbí ó ní àwọ̀ ewé, wọ́n kàn ń gbélé jẹ lásán ni. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú, ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni náítírójìn. Mo la àádọ́ta kókó lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, títí wọ́n fi ń bi mí nílé pé ṣé ara mi yá.

Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ ẹ̀wà Kùtọnu. Lójú ọ̀nà Àbíjàn, tẹ́ ẹ bá ti kọjá Kùtọnu àti Ouidah, ẹ ó wọ agbègbè Mono kẹ́ ẹ tó bọ́ sí Tógò. Ọ̀rẹ́ mi kan wá láti Comè níbẹ̀, ìsọ̀ wa kan ara ní Adjamé. Èkan ti gba ilẹ̀ ìyá rẹ̀ pátápátá nígbà kan, kò sí ọkọ́ tó ràn án. Ní ìparí àwọn ọdún 1980 ni àwọn olùwádìí mú irú yèrèpè kan tí kì í yúnni dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ Mono, òun ni mo ń pè ní ẹ̀wà Kùtọnu. Wọ́n gbìn ín, ó fà, ó bo èkan mọ́lẹ̀ títí òkùnkùn fi pa á. Ọ̀rẹ́ mi ti máa ń sọ ọ́ nígbà tí a bá ń jẹ attiéké lọ́sàn-án, etí aláṣọ ni mo fi ń gbọ́ ọ. Lẹ́yìn 2017 ni mo pè é. Ó fi kóńgò mẹ́ta rán awakọ̀ sí mi.

Ọdún àkọ́kọ́, mo ṣìṣe. Mo gbìn ín lọ́sẹ̀ kẹta tí àgbàdo jáde, mo rò pé kíá ni ó dára. Ó gun àgbàdo bí àtẹ̀gùn, ó fà á lulẹ̀ láìtíì gbó. Àbúrò ọkọ mi, Bàbá Kékeré, dúró sí ààlà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyàwó wa, ṣé oko lẹ̀ ń dá ni àbí ejò lẹ fẹ́ sìn?" Ọ̀rọ̀ ejò yẹn kì í ṣe àwàdà lásán, a pa méjì. Ọ̀rẹ́ mi ló sọ fún mi lórí fóònù pé ó di ogójì ọjọ́ ó lé márùn-ún lẹ́yìn tí a bá gbin àgbàdo ká tó fi sí àárín rẹ̀, kí àgbàdo ti ga, kó lè gbó kí tiẹ̀ tó gbalẹ̀. Láti 2019 ni mo ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Tí a bá ya àgbàdo tán, ó ti bo gbogbo ilẹ̀. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ó kú fúnra rẹ̀, ó sùn sílẹ̀ bí ẹní tó nípọn. Nígbà tí òjò bá padà, àdá ni mo fi ń la ojú ihò láàárín rẹ̀ gbin àgbàdo. Mi ò ro ilẹ̀ ọ̀hún mọ́.

Kò sí ohun tí kò ní àbùkù. Ẹni tó bá gbìn ín kò lè gbin àgbàdo ẹlẹ́ẹ̀kejì sórí ilẹ̀ kan náà lọ́dún yẹn, ẹni tó ń fi oko sanwó ilé ìwé ọmọ á sì rò ó dáadáa. Ìdí nìyí tí mo fi ń ṣe é lórí éékà méjì, tí mo fi méjì yòókù gbin ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀wà, kí n tó pààrọ̀ wọn. Ẹ má sì sè é jẹ. Ohun kan wà nínú hóró rẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe oògùn fún àwọn tí ọwọ́ wọn máa ń gbọ̀n, èébì àti òòyì ló máa fún ẹni tó bá sè é bí ẹ̀wà lásán.

Èyí tó bà mí lọ́kàn jẹ́ jù ni ti oṣù kìíní 2021. Àwọn ọlọ́dẹ tiná bọ igbó nítorí òkété, iná fò wọ oko mi, ó jó gbogbo ẹní ọdún kan ní wákàtí méjì. Bàbá Kékeré tún dé. Ó ní kí n má sunkún, eérú ni ajílẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Pòtáṣíọ́ọ̀mù àti kálísíọ́ọ̀mù kù sínú eérú. Àmọ́ náítírójìn inú ewé yẹn bá èéfín lọ, òun àti imí ọjọ́. Èéfín tó ń gòkè tí à ń fọwọ́ bojú fún yẹn, owó fatiláísà ni. Eérú tó kù ńkọ́? Atẹ́gùn ọyẹ́ gbé ìdajì rẹ̀ lọ sí oko àwọn ẹlòmíì kí òjò tó dé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ eléyìí kí àwọn kan má baà fi lẹ́tà mi ṣe orin. Mi ò sí lára àwọn tó ń sọ pé májèlé ni fatiláísà. Mo ṣì ń rà á. Àgbàdo tí a bá kó lọ tà ní ọjà ń gbé oúnjẹ ilẹ̀ lọ, nǹkan kan gbọ́dọ̀ padà. Bàbá mi a máa gba àwọn Fúlàní láyè kí wọ́n da màálù wọn sóko fún òru mẹ́ta mẹ́rin lẹ́yìn ìkórè, á fún wọn níṣu, wọ́n á fi ìgbẹ́ màálù sílẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ yẹn ti bàjẹ́ lóde òní, mi ò ní wọ inú ẹ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ dára, ẹni tó bá rí i rà ni.

Ohun tí mo ń bá yín jà sí ni iye àti ọ̀nà. Àpò NPK 15-15-15 kan, kìlógíráàmù 50, náítírójìn inú rẹ̀ jẹ́ kìlógíráàmù 7.5 péré, fọ́sífétì àti pótáṣì náà 7.5 kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin yìí ti fọ́n àpò méjì. Ebi tí ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ pé ó ń pa àgbàdo rẹ̀, ti náítírójìn ni. Kí ló dé tí ẹ ní kó tún lọ ra fọ́sífétì àti pótáṣì tí kò béèrè? Yúríà, fatiláísà tó jẹ́ ti náítírójìn nìkan, ní ìwọ̀n àpò kan náà, kìlógíráàmù 23 náítírójìn ló wà nínú rẹ̀. Ìdajì àpò tó bá rọra fi sídìí àgbàdo, nínú ihò kékeré tó jìn tó ìka kan, tó sì fi ilẹ̀ bò ó, á ṣe ju àpò tó fọ́n sójú ilẹ̀ gbayawu lọ. Yúríà ojú ilẹ̀, tí oòrùn bá bá a, á fò lọ sínú afẹ́fẹ́. Tí òjò ńlá bá bá a, ẹ ti gbọ́ ìtàn odò mi. Nígbà tí òjò bá ń ṣú, ilé ni kí fatiláísà wà.

Owó tí mo ra àpò kan ní 2017, ó ti ju ìlọ́po márùn-ún lọ báyìí. Àwa tí à ń fọ́n ọn fún odò kò rí i rà mọ́.

Mo gbé ilẹ̀ mi lọ sí láàbù ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní 2018. Wọ́n ní ó ti kan, pH rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n kíkan rẹ̀, jẹ́ 5.1, ọ̀rá inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Bí a ṣe ń da yúríà sí i lọ́dọọdún láìfi nǹkan mìíràn tì í ló ń mú un kan sí i. Eérú ààrò gàrí ni mo ń bù sí i díẹ̀díẹ̀, tí mo ń rò ó pọ̀ mọ́ èèpo ẹ̀gẹ́ tó ti jẹrà. Àwọn obìnrin ilé gàrí ń fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo bá wọn gbálẹ̀!

Ọkùnrin oníkóòtù kan dé gbọ̀ngàn ìjọ wa lọ́dún kan, ó ń ta omi inú ìgò. Ó ní kòkòrò àìfojúrí tó ń sọ ilẹ̀ jí ló wà níbẹ̀. Ọmọ tó ń bá mi kọ̀wé yìí ní, "Ìyá Àgbà, ẹ má sọ iye tẹ́ ẹ rà á, wọ́n á fi yín rẹ́rìn-ín." Kọ ọ́. Ẹgbẹ̀rún 15 náírà, ìgò méjì. Mo wọ́n ọn sórí ilẹ̀ pupa mi, ilẹ̀ gbé e mì, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ẹ̀kúnwọ́ ilẹ̀ abẹ́ ìrókò yẹn, iye ẹ̀dá tó wà láàyè nínú rẹ̀ ju iye èèyàn orí ilẹ̀ ayé lọ. Kí ni ìgò fẹ́ fi kún un? Àwọn ẹ̀dá wọ̀nyẹn ò ṣọ̀wọ́n. Ilé ni wọn ò ní. Ẹ bo ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí gbòǹgbò tútù wà nínú rẹ̀, wọ́n á wá láìsí pé ẹ ránṣẹ́ sí wọn.

Ohun tó ń dùn mí ni pé wọn ò mú ìmọ̀ yìí ti òkè òkun wá fún wa. Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣe é, ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967. Ará Íńdíà kan, Rattan Lal, ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti 1970 sí 1987, ó ń wọn omi tó ń ṣàn lórí ilẹ̀ tí wọ́n ro àti èyí tí wọ́n fi pòròpòrò bò láìro. Ní 2020, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn World Food Prize lórí iṣẹ́ ilẹ̀. Lórí rédíò ni mo ti gbọ́ ọ, mo sì kígbe. Ìrìn wákàtí díẹ̀ sí Èjìgbò ni wọ́n ti mọ ohun tí mo fi àpò mẹ́jọ kọ́! A kì í wà létí odò ká máa fi itọ́ bọ́jú. IITA yìí náà ló gbìyànjú pé kí àgbẹ̀ máa gbin igi àgúnmánìyè ní ìlà ìlà, kí wọ́n máa gbin irè sáàárín, kí wọ́n máa gé ewé rẹ̀ bo ilẹ̀. Ewé náà dára, àmọ́ gígé rẹ̀ ń pa àgbẹ̀ lára, ọ̀pọ̀ ò sì gbà á. Èmi fi í ṣe ọgbà yí oko ká, mo ń gé e nígbà tí apá mi bá ká a.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin Olóòtú, nígbà tí ẹnikẹ́ni bá tún béèrè iye àpò lọ́wọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó sun oko rẹ̀, bóyá katakata ni ó fi ro ó, ohun tó wà lórí ilẹ̀ náà láti oṣù kọkànlá. Ẹ fún wa ní ìdajì ojú ewé nínú ọ̀gbẹlẹ̀, kí ẹ ya àwòrán ìgò méjì síbẹ̀. Kí àwọn tó ń pín fatiláísà náà gbọ́: ọkọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa lọ́dún tó kọjá, oṣù keje ló dé, àgbàdo ti ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá fi àpò irúgbìn ẹ̀wà Kùtọnu kan ránṣẹ́ pẹ̀lú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ò ní pẹ́ jù ní oṣù keje.

Ẹ bá mi sọ fún ọkùnrin alágbàdo pípọ́n pé kó má tíì ra àpò kẹta. Kó mú ọkọ́, kó gbẹ́ ihò kan tó jìn dé ìgúnpá lẹ́bàá ìdí àgbàdo tó pọ́n jù, kó wo ibi tí gbòǹgbò rẹ̀ dúró sí. Tó bá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni kọlu ògiri, katakata ni kó lọ bá wí. Lóko mi, éékà méjì tó wà lábẹ́ ẹní mú àpò 19 wá ní ìkórè tó kọjá, fatiláísà tó wọ inú rẹ̀ ò ju àpò méjì lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì pín in. Tó bá ń gba Èjìgbò kọjá lọ́jọ́ ọjà, kó béèrè Ìyá Àbíjàn ní ọ̀wọ́ àwọn aláṣọ. Mo ní irúgbìn nínú àpò gàrí, mi ò tà á, kóńgò kan fún ẹnì kan. Kó di ògúlùtu oko rẹ̀ sínú ewé wá. Ìgò wà lórí tábìlì mi, omi ò wọ́n.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá Àbíjàn,
Èjìgbò, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.